Láti SCCS dé Git: Ìtàn Ìdápadà Àyípadà Fáìlì nínú Ètò Ìṣàkóso Ẹ̀dà Lórí Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ láti dá àyípadà inú fáìlì padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀, láti ọdún 1972 tí ètò SCCS bẹ̀rẹ̀ títí dé ètò Git tí ó jáde ní 2005 àti àwọn àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e. Ó fi hàn pé ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan. Ìbéèrè náà ni pé: bí àṣìṣe bá wọlé, ṣé kí wọ́n pa á rẹ́ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ó wà nínú ìtàn, kí àtúnṣe rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀? Iṣẹ́ náà lo ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ó wáyé nínú iṣẹ́ Linux ní 2003 àti 2021 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì sọ ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá lè rí kọ́ níbẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde lẹ́nu kò ṣeé kó padà sẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní tirẹ̀ ṣeé tún ṣe. Akọ̀wé tí ó fi gègé kọ̀wé lè fa ilà kọjá lórí ọ̀rọ̀ tí ó ṣì kọ, kí ó sì kọ èyí tí ó tọ̀nà sókè rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí ohun mẹ́ta: àṣìṣe, àtúnṣe, àti àpá ilà tí ó wà láàárín wọn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àpá yìí pòórá. Bí ènìyàn bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú fáìlì tí ó sì fi í pamọ́, ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò sí ohun tí yóò sọ fún òǹkàwé pé ohun mìíràn ti wà níbẹ̀ rí. Nínú lẹ́tà lásán, èyí lè má dà bí ọ̀rọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n nínú ètò kọ̀ǹpútà, àmì kan ṣoṣo tí ó bá ṣìnà lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Bí ètò kan bá ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí, ìbéèrè mẹ́rin ni yóò dìde: kí ni ó yí padà, ta ni ó yí i padà, kí ni ìdí rẹ̀, báwo sì ni yóò ṣe padà sípò? Láti dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọ́n ṣe dá ètò ìṣàkóso ẹ̀dà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa àwọn ẹ̀dà fáìlì mọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe àyípadà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti àlàyé ìdí tí ó fi ṣe é.

Ohun tí ó sábà máa ń gba àfiyèsí nínú ìtàn àwọn ètò wọ̀nyí ni bí ọ̀kan ṣe yára tàbí rọrùn ju èkejì lọ. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbájú mọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ìdápadà ni ó fi ṣe ojú ìwòye, nítorí pé ọ̀nà tí àwùjọ kan ń gbà tún àṣìṣe ṣe ni ó ń fi èrò àwùjọ náà nípa àṣìṣe hàn.

2.0 Oríṣìí Ìdápadà Mẹ́rin

Kí ìtàn náà tó lè yéni, ó yẹ kí á ya ohun mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà 'ìdápadà' lè túmọ̀ sí sọ́tọ̀. Èkínní ni dída àyípadà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ sínú ìtàn nù: òṣìṣẹ́ ṣí fáìlì, ó yí i padà, ó kábàámọ̀, ó sì gba ẹ̀dà tí ó wà nípamọ́ padà. Èkejì ni mímú ẹ̀dà àtijọ́ jáde láti wò ó tàbí láti lò ó. Ẹ̀kẹta ni kíkọ àyípadà tuntun tí ó jẹ́ òdì-kejì ti àtijọ́: ohun tí ti àkọ́kọ́ fi kún un, èyí yọ ọ́ kúrò, ohun tí ti àkọ́kọ́ yọ kúrò, èyí dá a padà. Ẹ̀kẹrin ni gígé apá kan ìtàn náà sọnù kí ó lè dà bí ẹni pé kò wáyé rí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni ọ̀pá-ìdiwọ̀n gbogbo ìjíròrò yìí. Fáìlì tí yóò jẹyọ nínú méjèèjì lè jẹ́ ọgbọọgba, kí lẹ́tà kan má yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kẹta, ìtàn gùn sí i. Nínú ẹ̀kẹrin, ìtàn kúrú.

3.0 Ìbẹ̀rẹ̀ Pẹ̀pẹ̀: SCCS àti RCS

Ní 1972, ní ibùdó ìwádìí Bell Labs ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Marc Rochkind bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó pè ní SCCS. Èdè SNOBOL4 ni ó kọ́kọ́ fi kọ ọ́ fún ẹ̀rọ ńlá IBM. Nígbà tí ó di 1973, ó tún un kọ ní èdè C fún Unix lórí ẹ̀rọ PDP-11. Oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà àjọ IEEE.

Ní àsìkò náà, àyè ìpamọ́ lórí kọ̀ǹpútà wọ́n gan-an. Kò ṣeé ṣe láti máa pa odidi fáìlì mọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá yí ìlà kan padà. Ohun tí Rochkind ṣe ni pé ó hun gbogbo ẹ̀dà pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, bí ahunṣọ ṣe ń hun òwú oríṣiríṣi pọ̀ sínú aṣọ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ó ń sọ ẹ̀dà tí ó wọlé àti ẹ̀dà tí ó jáde. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ẹ̀dà àtijọ́, ètò náà yóò ka fáìlì náà láti òkè dé ilẹ̀, yóò sì ṣa àwọn ìlà tí ó jẹ́ ti ẹ̀dà náà nìkan. Nípa bẹ́ẹ̀, oríṣìí ìdápadà kejì ti ṣeé ṣe: ẹ̀dà àná kò sọnù mọ́.

Lẹ́yìn SCCS ni RCS dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Walter Tichy ti Yunifásítì Purdue ni ó ṣe é, àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1985. Tichy kíyè sí i pé ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ń béèrè jù ni èyí tí ó kẹ́yìn. Nítorí náà, odidi ẹ̀dà ìkẹyìn ni RCS ń pa mọ́. Ti àwọn tí ó ṣáájú, ìyàtọ̀ tí yóò múni padà sẹ́yìn ni ó ń kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà kẹta nínú mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹwàá, ètò náà yóò sì máa tú àyípadà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé ẹ̀kẹta. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwà àgbà ni RCS hù, ó sọ ọ̀nà ẹ̀yìn di ara ohun tí ó ń pa mọ́.

Síbẹ̀, ètò méjèèjì gba gígé láàyè. SCCS ní àṣẹ 'rmdel' tí ó lè yọ àyípadà tí ó kẹ́yìn kúrò. RCS ní 'rcs -o' tí ó lè pa ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibì kan ṣoṣo ni ìtàn náà sì wà, lórí ẹ̀rọ kan. Bí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà bá gé e, kò sí ẹlòmíràn tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò fi jẹ́rìí pé ohun kan ti wà níbẹ̀. Bákan náà, bí ẹnìkan bá ń ṣe fáìlì kan lọ́wọ́, ètò náà yóò ti fáìlì náà pa mọ́ àwọn yòókù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìtàn tirẹ̀, láìka ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí.

4.0 Ìgbà Àjọṣe: CVS àti Subversion

Ọ̀rọ̀ títì fáìlì pa ni ó bí CVS. Láti 1984 sí 1985, Dick Grune ti Vrije Universiteit ní Amsterdam ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjì lórí iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àkókò iṣẹ́ wọn kò bára mu. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èkejì kò ní àkókò kan pàtó, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni Grune fúnra rẹ̀ sì ní. Bí ẹnìkan bá ti fáìlì pa tí ó sì lọ sílé, iṣẹ́ àwọn yòókù dúró nìyẹn. Grune kọ ìlànà kan sórí RCS tí ó jẹ́ kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tirẹ̀, kí wọ́n sì da àyípadà wọn pọ̀ lẹ́yìn náà. Ó fi í síta fún gbogbo ènìyàn ní 1986. Brian Berliner tún un kọ ní èdè C ní 1989, ó sì tàn káàkiri.

Àmọ́ bí CVS ti mú àjọṣe rọrùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ó mú ìdápadà nira. Nínú rẹ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àyípadà kan tí ó kan fáìlì mẹ́wàá, CVS kò mọ̀ pé ohun kan ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Fáìlì kan lè wà ní 1.5, kí èkejì wà ní 1.12, kí ẹ̀kẹta wà ní 1.3. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àyípadà náà padà ní láti wá nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan rí. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, ètò náà yóò wà ní ipò tí kò wà rí: apá kan ti àná, apá kan ti òní.

Láti yanjú èyí wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ CollabNet fi bẹ̀rẹ̀ Subversion ní 2000. Karl Fogel, Jim Blandy àti Ben Collins-Sussman wà lára àwọn tí ó ṣe é, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kejì ọdún 2004. Nínú Subversion, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo fáìlì inú ibi ìpamọ́. Bí àyípadà bá kan fáìlì mẹ́wàá, yálà kí gbogbo wọn wọlé pọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kan, tàbí kí ọ̀kankan nínú wọn má wọlé. Ìgbà yìí ni àyípadà di ohun tí a lè dárúkọ, ohun tí a bá sì lè dárúkọ ni a lè pè padà. Àṣẹ 'svn merge -c -303' yóò tú gbogbo ohun tí àyípadà 303 ṣe, yóò ku kí òṣìṣẹ́ fi èsì rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyípadà tuntun. Àyípadà 303 fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú ìtàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé e kúrò pátápátá ní láti da gbogbo ibi ìpamọ́ náà jáde, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó sì tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oríṣìí ìdápadà ẹ̀kẹta ti wá rọrùn ju ẹ̀kẹrin lọ.

Ó yẹ kí á kíyè sí ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín. Subversion ní àṣẹ tí ó ń jẹ́ 'svn revert', ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí ni ó ń ṣe. Oríṣìí èkínní ni: ó ń da àyípadà tí a kò tí ì fi sílẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ kan náà yóò tún jẹyọ nínú Git pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn, èyí sì ti kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sínú ìdààmú.

5.0 Git àti Ìtàn tí ó Wà Lọ́wọ́ Gbogbo Ènìyàn

Láti 2002 ni àwọn tí ó ń ṣe Linux ti ń lo BitKeeper, ètò tí ilé-iṣẹ́ Larry McVoy ń tà ṣùgbọ́n tí ó yọ̀ǹda fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2005, ìyọ̀ǹda náà dópin lẹ́yìn aáwọ̀ lórí bí Andrew Tridgell ṣe ń wá ọ̀nà láti bá ètò náà sọ̀rọ̀ láìlo irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git, láàárín ọjọ́ mélòó kan sì ni Git ti ń pa ìtàn ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di oṣù Keje, ó fa ìtọ́jú rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́.

Ohun méjì nínú Git ni ó kan ọ̀rọ̀ ìdápadà. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gba iṣẹ́ náà, odidi ìtàn rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà. Èkejì ni pé orúkọ àyípadà kọ̀ọ̀kan ti ara ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde: Git ń ṣírò àmì 40 láti inú àwọn fáìlì, orúkọ olùṣe, ọjọ́, àlàyé, àti orúkọ àyípadà tí ó ṣáájú. Bí ẹnìkan bá yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí ó ti kọjá, orúkọ rẹ̀ yóò yí padà, orúkọ gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e yóò sì yí padà pẹ̀lú.

Nítorí náà, gígé ìtàn di ohun tí ó rọrùn lórí ẹ̀rọ ara ẹni, tí ó sì ṣòro láwùjọ. Àṣẹ 'git reset' lè fa àmì ìtàn sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí ìtàn náà bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀dà tiwọn kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìkọlù ni yóò sì bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé. Òwe ẹyin lohùn padà wá sẹ́nu iṣẹ́ níhìn-ín: ohun tí ó ti jáde kò ṣeé kó padà. Fún irú èyí ni 'git revert' ṣe wà. Ó ń kọ àyípadà tuntun tí ó jẹ́ òdì-kejì ti àtijọ́, ó sì ń fi orúkọ ti àtijọ́ náà sínú àlàyé rẹ̀.

Ní 2008, Torvalds àti Hamano ṣàlàyé ìdẹkùn kan tí ó wà nínú èyí. Bí a bá dá ìdàpọ̀ iṣẹ́ méjì padà pẹ̀lú 'git revert', ohun tí ó wà nínú fáìlì ni ó padà sẹ́yìn. Ìtàn kò padà. Ìtàn ṣì gbà pé iṣẹ́ méjèèjì ti dàpọ̀. Bí wọ́n bá tún ẹ̀ka tí ó ní àṣìṣe ṣe tí wọ́n sì dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àyípadà tuntun nìkan ni yóò wọlé, ti àtijọ́ kò ní padà wá. Ọ̀nà àbáyọ ni láti kọ́kọ́ dá ìdápadà náà fúnra rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ìdápadà kì í sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ di ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Git kò dáàbò bo ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Ohun tí a bá ti fi sínú ìtàn, bí a tilẹ̀ gé e, ó sábà máa ń wà nípamọ́ fún nǹkan bí 30 ọjọ́ ó kéré tán lórí ẹ̀rọ náà kí ó tó parẹ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n àyípadà inú fáìlì tí a kò tí ì fà lé Git lọ́wọ́ rárá, bí a bá fi 'git checkout' tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, agbè ti fọ́. Àṣẹ kan náà yìí ni wọ́n sì ń lò láti kọjá láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, èyí tí kì í ba nǹkan jẹ́. Nítorí ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ẹ̀dà 2.23 ti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ṣe ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: 'git switch' fún ẹ̀ka, 'git restore' fún ìdápadà fáìlì.

6.0 Ẹ̀rí Méjì

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ibi ìpamọ́ BitKeeper ni ìtàn Linux gan-an wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú CVS fún àwọn tí kò fẹ́ lo BitKeeper. Larry McVoy kéde pé àyípadà kan wà nínú ẹ̀dà CVS náà tí kò ní baba nínú BitKeeper. Ẹnìkan ti wọlé sórí ẹ̀rọ náà láìgba àṣẹ. Ìlà méjì péré ni ó fi kún fáìlì 'exit.c', ó sì dà bí àyẹ̀wò lásán. Àmọ́ níbi tí ó yẹ kí àmì ìdọ́gba méjì wà láti béèrè bóyá ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀gá, ẹyọ kan ni ó wà, èyí tí ó ń sọ ẹni náà di ọ̀gá. Nítorí pé ìtàn méjì wà tí a lè fi wéra, àṣírí tú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì wáyé ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Minnesota ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àyípadà tí ó ní àbùkù ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó Linux, láti wò ó bóyá wọn yóò rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo, Greg Kroah-Hartman gbé àbá 190 ìdápadà kalẹ̀, láti yọ iṣẹ́ tí ó ti yunifásítì náà wá kúrò. Ṣùgbọ́n bí àwọn alábòójútó ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àyípadà náà tọ̀nà. Bí wọ́n bá dá wọn padà, àléébù tí wọ́n ti tún ṣe ni yóò padà wọlé. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ agbani-nímọ̀ràn Linux gbé jáde ní oṣù Karùn-ún sọ pé àyípadà 435 ni wọ́n tún yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì ní àbùkù. Àwọn olùwádìí náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì fa àpilẹ̀kọ wọn sẹ́yìn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ fi hàn pé ìtàn tí kò ṣeé gé níkọ̀kọ̀ ni ó ń tú àṣírí olè. Èkejì fi hàn pé ìdápadà fúnra rẹ̀ jẹ́ àyípadà, ó sì lè ṣì ṣe bíi ti àyípadà mìíràn. Ìbínú kò tó ìdí láti tú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ká láìyẹ̀ ẹ́ wò.

7.0 Ohun tí ó Kan Àkọsílẹ̀ Yorùbá àti Olùkọ́

Kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà nìkan ni ọgbọ́n yìí wúlò fún. Wikipedia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 tí ó sì ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, ń pa ìtàn ojú-ewé kọ̀ọ̀kan mọ́. Bí ẹnìkan bá ba ojú-ewé jẹ́, ẹlòmíràn lè dá a padà, ìbàjẹ́ àti ìdápadà yóò sì wà nínú ìtàn.

Fún àkọsílẹ̀ Yorùbá, ìṣòro kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Lẹ́tà 'é' ní ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà lè gbà pa á mọ́: gẹ́gẹ́ bí àmì kan, tàbí gẹ́gẹ́ bí 'e' àti àmì ohùn òkè tí ó tẹ̀ lé e. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n Git rí i. Bí ẹni méjì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan pẹ̀lú àtẹ ìtẹ̀wé tí kò bára mu, ètò náà lè sọ pé gbogbo ìlà ni ó yí padà nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n tún ṣe. Ẹni tí ó bá wá fẹ́ dá àṣìṣe kan padà yóò bá a láàárín ọ̀pọ̀ àyípadà tí kò ní ìtumọ̀. Kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó dára jù.

Nínú kíláàsì pẹ̀lú, olùkọ́ tí ó ń gba iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rí ẹ̀dà ìkẹyìn nìkan. Kò rí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣìnà, kò sì rí bí ó ṣe padà. Iṣẹ́ tí ìtàn rẹ̀ wà nílẹ̀ fi hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe é, àti ohun tí ó kọ́ bí ó ṣe ń ṣe é.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Láti 'rmdel' ti SCCS dé 'git revert', ọ̀nà tí ìtàn yìí gbà hàn kedere. Níbẹ̀rẹ̀, ìtàn wà ní ibì kan, ẹni tí ó ni ín sì lè gé e. Lẹ́yìn náà, àyípadà di ohun tí ó ní orúkọ kan ṣoṣo tí a lè pè padà. Níkẹyìn, ìtàn dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, àtúnṣe sì di ohun tí à ń kọ sẹ́yìn àṣìṣe lójú gbogbo ayé. Gígé ṣì wà, ó sì wúlò fún iṣẹ́ tí kò tí ì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó ti di ti àwùjọ, àpá ilà tí akọ̀wé onígègé fà lórí ọ̀rọ̀ tí ó ṣì kọ ti padà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé àṣìṣe òun ṣeé dá padà kò ní bẹ̀rù láti dán nǹkan wò. Èyí tí ó bá sì mọ̀ pé àṣìṣe àti àtúnṣe òun yóò jọ wà nínú ìtàn kò ní fi iṣẹ́ ṣeré.